Ọkùnrin Tó Bá Wọn Kọ́ Ilẹ̀kùn Odò

Nígbà tí mo ṣì kéré, láyé ìjọba ológun, tí n kò tíì lè dá gbé garawa omi sórí, ọkùnrin méjì ní agboolé wa fi oko iṣu sílẹ̀, wọ́n lọ ṣe lébìrà ní Odò Ọya. Wọ́n ní wọ́n ń kọ́ nǹkan kan sí èbúté ibẹ̀, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa gòkè, kó sì máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, nínú ọ̀dàn tiwa lọ́nà Ṣakí yìí, ta ló rí ọkọ̀ ojú omi rí? Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewúrẹ́ á rin odò wa kọjá, pátákò rẹ̀ kò ní í tutù.

Ẹnì kan ṣoṣo ló padà. Ó gbé ẹrù ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, opó tí kò bí ju ọmọ kan náà lọ. Ó ní odò ti gbé e lọ.

"Ìyá, yàrá ńlá kan la ń kọ́ sínú omi. Ó ní ilẹ̀kùn irin níwájú, ó ní lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ṣí omi sí i, omi á sì gbé ọkọ̀ dókè. Ọmọ yín wà nísàlẹ̀ nígbà tí omi já wọlé. A ò rí òkú rẹ̀."

Opó náà bi í pé, "Ta ní ń kọ́lé fún omi? Ta ní ń ti ilẹ̀kùn mọ́ odò?"

Ìbéèrè yẹn ló ba ti ọkùnrin náà jẹ́. Kó tó di ọjọ́ ọjà mìíràn, gbogbo ìlú ti ń sọ pé orí èèyàn ni wọ́n ń rì mọ́ ìpìlẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ra iṣu rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ. Àwa ọmọdé ń sọ òkò sórí páànù rẹ̀, àwọn àgbà ń wò wá, wọn ò bá wa wí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ibà ti wọ̀ ọ́ lára, ó fara ti ògiri jáde, ó rí mi tí mo ru kèrègbè omi bọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, bù fún mi." Ọkùnrin yìí ló máa ń sun iṣu fún mi lóko. Mo sọ kèrègbè kalẹ̀, mo wò ó lójú, mo sì ń da omi náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Ìyá mi gbọ́, ó fún mi ní ẹran jẹ.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí ẹní. Inú igbó ni wọ́n sin ín sí.

Ó lé lógún ọdún kí iṣẹ́ tíṣà tó gbé mi dé Odò Ọya. Mo rí àwọn ilẹ̀kùn irin náà. Ọkọ̀ kan wọlé, wọ́n tì í, omi sì ń gbé e bọ̀ lókè bí ọkùnrin náà ṣe wí gan-an. Nígbà tí mo padà sílé, mo lọ sọ fún opó náà, tó ti darúgbó.

Ó ní, "Mo mọ̀. Látọjọ́ tó ti gbé aṣọ ọmọ mi dé ni mo ti mọ̀. Ṣé èmi nìkan ni kí n wá máa sunkún ni?"

Wọ́n ní ayé ti yí padà. Òótọ́ ni, ọmọ-ọmọ mi lè jókòó nílé wo irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Lóṣù tó kọjá, wọ́n mú àjèjì kan ní gáréèjì, wọ́n ní ó fọwọ́ kan ẹnì kan, nǹkan ọkùnrin onítọ̀hún sì pòórá. Bí àwọn kan ṣe ń lù ú ni àwọn tó kù ń fi fóònù yà á. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fa ìborùn mi bojú, mo gba ẹ̀yìn ọjà lọ sílé.