Màámi, ẹ má ṣílẹ̀kùn, fọ́tò wà nínú kẹ́míkà!

Ìyá ọkọ mi ká mi mọ́ balùwẹ̀ lónìí!

Ibẹ̀ ni mo ti ń fọ fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun nínú òkùnkùn. Kẹ́míkà tó lọ́ra ni mo yàn, kí dúdú rẹ̀ lè jinlẹ̀ dáadáa. Ẹyọ pépà fọ́tò kan ṣoṣo ló kù. Tí ìmọ́lẹ̀ ìta bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ni Màámi bá kanlẹ̀kùn.

"Ìyàwó, mo fẹ́ ṣàlùwàlá o."

Ilẹ̀kùn ò ní kọ́kọ́rọ́. Mo fẹ̀yìn tì í. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ lo omi ẹ̀yìnkùlé. Fọ́tò yín ni mò ń fọ̀!"

"Tèmi? Jẹ́ n rí i!"

Wọ́n taari ilẹ̀kùn wọlé. Ìmọ́lẹ̀ bá wọn wọlé, pépà sì dúdú bí èédú lójú wa.

"Ìyàwó, ṣé bí mo ṣe rí lójú ẹ nìyí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé?