Ìyá Mi Kì Í Fi Ògì Tútù Ránṣẹ́ Sí Àgbà

Olórí kunkun ni mí, n kò sì ní tọrọ àforíjì lórí ẹ̀. Lọ́dún tí mo máa jáde ní yunifásítì, wọ́n ní kí oníkálukú wa tó ń kọ́ físíìsì mú ohun kan tó fẹ́ yẹ̀ wò. Mo kọ ọ́ sórí ìwé pé ògì ni tèmi. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ, ṣé iṣẹ́ ilé ìdáná lo wá kọ́ níbí ni?" Ó ní kí n lọ mú nǹkan gidi, bíi wáyà tàbí gíláàsì. Mo ní, "Ògì náà ni mo mú, sà." Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n bí àwọn olùkọ́ tó máa gbọ́ ẹnu mi níparí ọdún bá fi mí rẹ́rìn-ín, ọdún kan sí i ni mo máa lò, òun ò sì ní dá sí i.

Èmi kọ́ ni mo wá ògì lọ. Inú ilé wa l'Ọ̀mù-Àrán ló ti wá bá mi. Ìyá mi ń gbin àgbàdo lọ́nà Arandun, àwọn fúnra wọn ló ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ. Bí ògì bá ti jókòó sí ìsàlẹ̀ ike, tí omi rẹ̀ dúró lókè, a máa dà bí ohun tó ń sùn. Mo kéré gan-an lọ́jọ́ tí mo da omi yẹn nù, tí mo fi ìkúùkù lu ògì náà. Ó le bí ilẹ̀. Mo wá gbé ìka lé e jẹ́jẹ́, ìka náà rì wọlé. Mo tún lù ú. Ìyá mi gbá mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Kó ọwọ́ ẹ kúrò nínú ògì mi." Òwe kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́, ìdí ẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wá ìdí yẹn. Ògì kì í ṣe omi, kì í ṣe òkúta. Hóró tíntìntín ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní sítáàṣì, tí omi yí ká. Bí o bá rọra kọjá láàárín wọn, wọ́n á yà fún ẹ. Bí o bá já lù wọ́n lójijì, omi àárín wọn ò ní ráyè, wọ́n á forí gbárí, wọ́n á há mọ́ra. Àwọn tó ń kọ́ irú físíìsì yìí a máa ka ìjàlọ mọ́ ọn, torí ìjàlọ náà a máa ṣàn bí omi, àfi pé inú ara tiwọn ni agbára tó ń tì wọ́n ti ń wá. Mo ti jókòó wò wọ́n lọ́nà oko títí wọ́n fi bù mí jẹ. Ní yunifásítì, irin rogodo kékeré ni mo ń jù sínú ògì ìyá mi. Èyí tó já láti òkè kì í wọlé, èyí tí mo bá rọra gbé lé e á rì dé ìdí.

Nígbà tó ku ọ̀la tí mo máa dáhùn níwájú àwọn olùkọ́ yẹn, mo pe ìyá mi pé kí wọ́n bá mi fi ògì ránṣẹ́ láti gáréèjì. Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ lò ó?" Mo ní, "Iwájú àwọn ọ̀gá mi ni mo fẹ́ gbé e sí." Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe.

Awakọ̀ gbé kúlà tí ìyá mi fi ránṣẹ́ dé láàárọ̀. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣí i níwájú olùkọ́ mẹ́ta, ọ̀gá mi sì wà lára wọn, ooru gbá mi lójú. Ẹ̀kọ ni, wọ́n ti pọ́n ọn séwé, wọ́n tò ó léra, àkàrà gbígbóná wà lókè. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo sá jáde lọ pe ìyá mi.

Wọ́n ní, "Ìwọ fẹ́ kí n fi ògì tútù ránṣẹ́ sáwọn àgbà? Kí wọ́n máa sọ pé ará Ọ̀mù-Àrán ò mọ èèyàn ṣe?"

Inú bí mi, ti ẹ̀rín yẹn ló sì bí mi jù. Mo fi ìbínú náà wọlé padà. Mo tú ẹ̀kọ kan, mo gbé e sórí tábìlì, ó ń gbọ̀n ṣùgbọ́n kò ṣàn. Mo ní, "Lánàá, lílù nìkan ló lè mú èyí le. Láàárọ̀ yìí iná ti mú un, àwọn hóró yẹn ti mumi yó, wọ́n ti wú, wọ́n ti so kọ́ra. Ohun kan náà ni, ìwà ẹ̀ ló yí padà." Mo fi àwòrán irin rogodo mi hàn wọ́n lórí fóònù. Ìyá àgbà kan láàárín wọn bi mí ìdí tí ẹ̀kọ àná fi máa ń sun omi. Mo ní àwọn okùn tín-ín-rín tó jáde látinú hóró yẹn ń fa ara wọn mọ́ra ni, wọ́n ń fún omi jáde. Nígbà yẹn, wọ́n ti ń jẹun. Ọ̀gá mi jẹ ẹ̀kọ méjì.

Ó nu ẹnu, ó ní, "Iṣẹ́ yìí dáa. Yọ ọ̀rọ̀ ògì kúrò nínú àkọlé, kọ sítáàṣì síbẹ̀, o yege lónìí."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́. Ọdún kan gbáko ló ń bẹ lẹ́nu mi. Mo ní, "Sà, kí n má rí yín fín. Tí ìyá mi bá bi mí ohun tí ẹ jẹ, ṣé kí n ní sítáàṣì ni?"

Ìyá àgbà yẹn ló kọ́kọ́ mú bírò, ó fọwọ́ sí ìwé mi bí ògì ṣe wà nínú àkọlé ẹ̀. Èkejì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi ló fọwọ́ sí i kẹ́yìn, máàkì tó fún mi ò tó nǹkan, mo sì mọ ìdí ẹ̀.

Mo gbé ìwé náà lọ sílé. Ìyá mi fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìwé, wọ́n kà á sókè: ògì. Mo sọ fún wọn pé díẹ̀ ló kù kí ọ̀gá mi yọ ọ́.

"Lẹ́yìn tí wọ́n jẹ tán?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá mi pa ìwé náà dé. Wọ́n ní, "Bó bá tún di ọjọ́ mìíràn, tútù ni mo máa fi ránṣẹ́ sí wọn."