Òjò Kan Ṣoṣo ní Ìrẹsà

Ẹyin ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ kíláàsì Israfil kọ ibi tí ẹyin ti ń wá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà sì kọ ọ́ gàdàgbà pé inú kéréètì ni, pé ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé àwọn ló máa ń gbé kéréètì náà wá. Nígbà tí Mashood, bàbá rẹ̀, ka ìwé náà, ṣe ló jókòó gẹlẹtẹ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Zulaikha ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun bá a dárò.

Mashood kì í fojú kékeré wo nǹkan. Ó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí fóònù tó kú tí kò lè jí dìde. Ṣùgbọ́n bí èrò kan bá ti wọ orí òun fúnra rẹ̀, kò sí bọ́tìnnì tí èèyàn lè tẹ̀ láti fi pa á. Lọ́jọ́ kẹta, bí wọ́n ti kírun àsùbáà tán, ó kéde.

"Ìrẹsà là ń lọ. Ilẹ̀ bàbá mi wà níbẹ̀, ilé oníyàrá mẹ́ta wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ yìí gbọ́dọ̀ mọ iṣu nínú ebè kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n nínú àwo. A ó máa pọnmi lódò, a ó máa dáná igi, a ó máa pàlọ́ nírọ̀lẹ́, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é."

Zulaikha wò ó títí. "Bàbá Israfil, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé mi. Ẹ̀yin tí aáyán lé gorí àga lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ máa gbé inú oko?"

"Aáyán yẹn ń fò," ni Mashood wí. "Èyí tó ń fò yàtọ̀."

Kì í ṣe pé Zulaikha gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ti kíyè sí i pé ó ti pẹ́ tí Israfil àti àbúrò rẹ̀ Ràmọ́tà, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti bá òun jiyàn kẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó rò pé wọ́n ti ń gbọ́n ni. Àṣé wọn ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ. Ojú wọn kì í kúrò lára fóònù. Ó ní, "Òjò kan ṣoṣo. Bí òjò ọdún yìí bá ti dáwọ́ dúró, Ọ̀yọ́ ni mò ń padà sí." Ó bá palẹ̀ ẹrù mọ́, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí lé e lórí, wọ́n gbọ̀nà.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ yà, lọ́dọ̀ Àyìnkẹ́, ìyá Mashood. Màmá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí ìró rẹ̀ mú.

"Mashood, ogún ọdún ni mo fi pọn omi odò Ìrẹsà yẹn kí n tó lè gbé ọ wá síbi tí ẹ̀rọ omi wà. Ṣé o ń padà lọ wò ó bóyá mo gbàgbé nǹkan síbẹ̀ ni?"

Síbẹ̀, ó fún wọn ní adìyẹ kan tó fẹ́ sàba, ó sì rọra sọ fún Zulaikha létí pé, "Ìyàwó mi, bó bá ti sú ọ, máa bọ̀ níbí. Má dúró gbàṣẹ." Ní Ọjà Igbó ni wọ́n ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn mẹ́rin, ẹrù, àti adìyẹ tí inú ń bí.

Ọjọ́ tí wọ́n dé ni Mashood ti ṣòfin. Ó pa gbogbo fóònù, ó kó wọn sínú agolo ńlá kan, ó gbé e sórí àjà. Ó dá iná igi, ó fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó sì ní èéfín ni ayé àtijọ́ ń rùn. Nírọ̀lẹ́, ó kó àwọn ọmọ jọ, ó pàlọ́. Àlọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀, ti ìjàpá, kò sì mọ ìparí rẹ̀, nítorí náà ibi tí ìtàn bá ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ti máa ń pa ìjàpá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, Ràmọ́tà gbórí sókè. "Bàbá, ìjàpá yẹn ti kú lánàá."

"Àbúrò rẹ̀ nìyí," ni Mashood dáhùn, ó ń bá àlọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ oko wá burú ju ti àlọ́ lọ. Ọjọ́ márùn-ún ló fi kọ ebè méjìlá, gbogbo wọn gùn gbọọrọ bí ẹni tó dùbúlẹ̀. Ògúnṣọlá, àgbà àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà, ń kọjá lọ. Ó dúró, ó wo ebè, ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Àwọn ta la sin síbí?"

Zulaikha tó ń bọ̀ látodò rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nù lórí rẹ̀. Mashood náà gbìyànjú kó bínú, kò rọ́nà. Ògúnṣọlá bá gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ebè roboto mẹ́ta níṣojú wọn, àwọn ọmọ sì di ọmọlẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Kò pẹ́ tí Ràmọ́tà fi mọ ewúro yàtọ̀ sí ewé mìíràn. Israfil mọ ẹyẹ tó ń ké àti ìdí tó fi ń ké.

Lọ́jọ́ tí adìyẹ pamọ, Israfil dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ń wo bí ẹnu kékeré kan ti ń lu èèpo ẹyin látinú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Zulaikha pè é wá jẹun.

"Mọ́mì," ni ọmọ náà wí nígbà tó yá, "ẹ má pariwo. Ẹnì kan ń bọ̀."

Zulaikha tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ tì í. Ọbẹ̀ jóná lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yé Zulaikha. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun àsárì tán, Mashood á ní, "Mo fẹ́ lọ wo ààlà oko." Á pẹ́ kó tó dé, bó bá sì dé, ojú rẹ̀ á máa dán bí ojú ẹni tó jẹun níbòmíràn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Zulaikha kó àwọn ọmọ, wọ́n rọra tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ààlà oko wà níbi tó ti wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́; Mashood ni wọn ò rí. Àfi bí wọ́n ti gbọ́ tí ẹnì kan ké látòkè igi mángòrò pé, "Gbá a! Gbá a sílé, ìwọ ọ̀lẹ yìí!"

Mashood rèé lórí ẹ̀ka, ó na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ kí mọ̀lẹ́kà bá òun gbà á. Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wọlé, bọ́ọ̀lù ló sì ń wò.

"Bàbá Israfil!" ni Zulaikha ké. "Ṣé orí igi ni ààlà oko ṣí lọ ni?"

Ẹ̀rù ba Mashood, ó fẹ̀yìn ti ẹ̀ka kejì, àṣé ilé tanpẹ́pẹ́ ni. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti wọ inú ṣòkòtò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di igi mú, ó ń fi ìkejì họra kíkankíkan, fóònù já bọ́ sínú koríko.

"Zulaikha, gbà mí! Mi ò mọ ibi tí mo gbà gùn ún mọ́!"

Zulaikha ṣì ń wá ọ̀pá kiri nígbà tí Israfil bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gun igi náà bí ọ̀bọ. Ọmọ tó jẹ́ pé inú yàrá ló ti ń ṣeré ní Ọ̀yọ́ ló wá ń júwe ọ̀nà fún bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì síbí. Rárá, òsì, Bàbá. Ẹ má wo ìsàlẹ̀."

Nígbà tí Mashood délẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti wú. "Mo ti rú òfin," ni ó wí, ó ń họ itan.

Láti àárọ̀ ni Zulaikha ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n bó ti wo ojú tó wú náà, ẹ̀rí ọkàn gún òun náà.

"Òwú tí mo ń lọ rà ní Ọjà Igbó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," ni ó wí, "òwú tó wà nílé tó láti rán gbogbo Ìrẹsà pọ̀ mọ́ra wọn. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ni mò ń lọ. Wọ́n ń fi fíìmù hàn níbẹ̀. Mo máa ń mu mínírà tútù sí i." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Méjì."

Israfil wo ìyá, ó wo bàbá. "Ẹ̀yin méjèèjì? Àwa ò fọwọ́ kan fóònù rí látìgbà tí a ti débí o!"

"Ṣé a tiẹ̀ ní fóònù?" ni Ràmọ́tà bèèrè.

Àwọn ọmọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbìmọ̀, wọ́n sì padà wá dájọ́: ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bàbá àti ìyá ni yóò máa pọnmi, àwọn á máa jókòó. Kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tọkọtaya náà gbé korobá, wọ́n forí lé odò. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn méjèèjì ti jọ rìn láìsí pé ẹnì kan ń sáré lọ síbì kan. Mashood yọ̀ létí odò, ó jókòó sínú omi bàmù, Zulaikha sì rẹ́rìn-ín débi pé òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e.

"Ṣé o ń bínú sí mi pé mo kó yín wá síbí?" ni Mashood bèèrè bí wọ́n ti ń padà bọ̀.

"Mo bínú lóṣù àkọ́kọ́," ni Zulaikha wí. "Nígbà tó yá, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè."

Òjò dáwọ́ dúró. Iṣu Mashood jáde, tín-ín-rín bí ìka ọwọ́, ó sì fi yangàn káàkiri Ìrẹsà bí ẹni tó wa góòlù. Ó ti gba àyè kékeré kan ní Ọjà Igbó, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń lọ tún fóònù ṣe níbẹ̀, tó sì ń wo bọ́ọ̀lù tẹ́rùn. Ọjọ́ tó kù, oko ni. Aṣọ àwọn obìnrin Ìrẹsà náà ti kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ Zulaikha.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ti dá láti padà sí Ọ̀yọ́, Kúbúrátù, ẹ̀gbọ́n Zulaikha, gbé mọ́tò wá láti Ọ̀yọ́ láti wá kó wọn. Ilé ṣófo nígbà tó dé. Inú oko ni ó ti bá wọn, àbúrò rẹ̀ sán ìró mọ́dìí, erùpẹ̀ dé orúnkún, òun àti àwọn ọmọ ń ká ata.

"Zulaikha! Ẹrù ńkọ́? Ṣé ẹ ti dì í?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀ o," ni Zulaikha wí, ó na igbá sí i. "Ẹ kọ́kọ́ gba èyí dání ná."

Kúbúrátù gbà á dání. Nígbà tí yóò fi lọ, mọ́tò tó gbé wá kún dẹ́múdẹ́mú, ata lẹ́yìn, àgbàdo níwájú, èèyàn kankan ò sì sí nínú rẹ̀ àfi òun nìkan.