Ọdún Tí Ìrì Dídì Sun Ewúro Màmá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a háyà ilé kan ní Turffontein lẹ́yìn odi, òjò kì í rọ̀ lásán nílé wa. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú lọ́sàn-án, Màmá á pariwo, "Ó ti dé o! Ẹ gbé igbá!" Ohun gbogbo nigbá: bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìkòkò, títí kan ike tí wọ́n fi ń wẹ àbúrò mi. A ó tò wọ́n sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, a ó máa da èyí tó bá kún sínú dúróòmù, a ó rin gbingbin, inú wa á sì máa dùn. Òjò àkọ́rọ̀ nìkan ni Màmá kì í jẹ́ kí a gbé igbá sí. Ó ní ìyẹn ń fọ páànù ni.

Ewúro ẹ̀yìnkùlé la ń tọ́jú omi náà fún, ká má purọ́. Ọ̀rẹ́ Màmá kan ní Troyeville ló gé igi rẹ̀ fún un kó tó kó padà sí Èkìtì, a ò sì mọ ẹlòmíì tó ní in. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá o. Ó korò bí oògùn ibà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Màmá bá sè é ni ara rẹ̀ máa ń yá jù.

Ọdún kan, òtútù mú débi pé ojú omi dúróòmù dì. A fọ́ ọ, a ń jẹ ẹ́, Màmá jáde wá láti gbá wa létí, ló bá rí ọgbà. "Mo gbé!" Ìrì dídì ti sun ewúro, ewé rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kíá ló ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní Èkìtì bí ewúro bá gbó: ó mú àdá, ó gé e kanlẹ̀, kó lè tún rúwé. Gógó, ìyá àgbà ọmọ Súlú tó ń gbé ilé kejì, yọjú lórí ògiri. "Éíṣì, Mama! Ewé tó kú yẹn ni búláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀! A kì í gé e nígbà òtútù!" Màmá ju àdá sílẹ̀, ó sáré wọlé.

Bí wọ́n ṣe gba búláńkẹ́ẹ̀tì tèmi nìyẹn o, wọ́n lọ fi bo kùkùté ewúro! Alaalẹ́ la ń bò ó, àràárọ̀ la ń ṣí i, èmi àti àbúrò mi tó ń tọ̀ sílé sì jọ ń sùn.

Òtútù lọ, kùkùté ò rúwé. Omi dúróòmù tán, ọ̀dá mú, ìjọba sì ti ní ká má fi omi ẹ̀rọ bomi rin ọgbà. Dádì ní ká hú u dànù. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, tí kò ju wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ, Màmá fúnra rẹ̀ ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ páànù! Omi ìdọ̀tí, eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ, ló ń dà sí ìdí ewúro, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tó kọ oúnjẹ: "Jọ̀ọ́, mu ún."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ewé kékeré kan yọ. Màmá pe ìyá rẹ̀ ní Èkìtì. "Màámi, ó ti rúwé o," ló wí, ẹkún sì gbà á. A dúró tì í, a ò mọ ohun tí a ó ṣe. Ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àárò ilé ti ń sọ ọ́ látìgbà tí a ti dé.

Lóde òní, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí òjò bá ṣú, fèrèsé là ń sáré tì. Ewúro gbígbẹ wà nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, mo máa ń rà á, mo sì ti wá ń jẹ ẹ́ dáadáa. Ó rọrùn, mi ò purọ́. Àmọ́ ta ni mo fẹ́ pè lórí fóònù kí n sọ fún un pé mo ra ewúro inú ọ̀rá?