Kòtò Tí Mo Gbẹ́ Nítorí Kànga Ìyá Mi

Láti ìgbà tí wọ́n ti da ọ̀dà sí títì tó wà lókè ilé wa ní Sakété ni òjò ti di ọ̀tá wa. Òróró mọ́tò, ìdọ̀tí, ẹ̀sáǹsì, ìyẹn bẹntiróòlù, tí àwọn tó ń tà á nínú ìgò ń dà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń bá àgbàrá wọ inú kànga ìyá mi. Omi kànga yẹn ló ń mu láti ọjọ́ tó ti wọlé ìyàwó. Kò fẹ́ òmíràn.

Mo wá gbẹ́ kòtò kan tó fẹ̀, tí kò jìn, sáàárín títì àti kànga. Mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn sí i, mo gbin ìdò àti koríko ọba lé e lórí. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á dúró níbẹ̀, ilẹ̀ á rọra fà á mu, ìdọ̀tí á kù sókè. Àwọn aládùúgbò ní mò ń gbin igbó sílé. Wọ́n sọ ọ́ tì. Omi kànga tòrò, ìyá mi bù ú mu, ó ní, "Káre."

Pobè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì wá láti Aguidi láti tọ́jú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí koríko bá hù níwájú ilé aláìsàn, àwọn èèyàn á ní onílé ti kú. Ojú tì wọ́n. Ni wọ́n bá fa ohun tí mo gbìn tu, wọ́n fi erùpẹ̀ dí kòtò, wọ́n sì lù ú mọ́lẹ̀ títí ó fi ń dán bí ilẹ̀ yàrá.

Bí mo ti dé ní Sátidé, èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú wọn fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀.

"A ò ní jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe ẹlẹ́yà."

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóòrùn nítorí ìyá rẹ, ṣé wàá bú u ni? Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo ní ẹ kú iṣẹ́.

Òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Ilẹ̀ tí wọ́n lù kò mu omi kankan, àgbàrá gba orí rẹ̀ kọjá sínú kànga. Omi tí mo fà ń rùn, òróró ń léfòó lójú rẹ̀. Mo sunkún. Mo lè tún kòtò gbẹ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ò ní ọjọ́ tó pọ̀ mọ́ tí yóò fi dúró de kí kànga náà mọ́.

Ó pè mí láti inú yàrá pé kí n bu omi kànga òun wá. Mo ya omi ọ̀rá, mo dà á sínú igbá rẹ̀, mo ní omi kànga nìyí. Ó tọ́ ọ wò, ó gbé igbá náà padà fún mi.

"Ṣé ikú mi ti sún mọ́lé tó bẹ́ẹ̀," ló wí, "tí ìwọ náà fi ń purọ́ fún mi?"