Ibi Tí Bàbá Àgbà Pè Ní Ìsọ̀ Olóúnjẹ

Bàbá àgbà gbé ọwọ́ sókè, mo dúró. Ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ ti ké sí i létí. Mo mọ̀ nítorí pé ó di ojú, ó sì ń mi orí bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó ń fi ẹnu ẹ̀rọ náà, tó rí roboto bí àwo, rà lórí koríko síwá sẹ́yìn, títí ó fi mọ ojú ibi tí igbe rẹ̀ ti le jù. Ó bọ́ nǹkan tó fi bo etí, ó ní kí n gbé ọkọ́ kékeré wá. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó tutù, ó ń rùn bí òjò àná àti ewé igi páìnì tó ti jẹrà. A kò tíì gbẹ́ ẹ jìn tí ẹyọ owó dúdú kan fi yọjú.

"Ajá mi kì í parọ́, ìyàwó mi," ló wí.

Ẹ̀rọ náà ni ajá rẹ̀. Èmi ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ni ìyàwó rẹ̀.

Ibẹ̀ jìnnà sí Clarkston, níbi tí a ń gbé. Ó ju wákàtí kan lọ ní ìhà òkè Atlanta, láàárín àwọn òkè kan tí àwọn awawúrà tẹ̀ dó sí láyé àtijọ́. Wúrà tán, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju òkúta ìpìlẹ̀ ilé lọ, ibi ìdáná oníbíríkì tó dá dúró láìsí ilé, àti kànga tí wọ́n fi pákó dé. Òyìnbó tó ni ilẹ̀ náà ń bá Mọ́mì ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, òun ló ní kí bàbá máa wá ṣeré níbẹ̀. Bí Sátidé bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi Mọ́mì, á fi ọkọ̀ gbé wa lọ, á tẹ́ àga ọkọ̀ sẹ́yìn, á sì sùn. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, oorun kì í sì í tó o.

Kíndìnrín ló gbé Bàbá àgbà wá sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iṣan apá òsì rẹ̀ tí wọ́n ń gún sì ta kókó. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti bá wọn fọ wúrà nínú odò ní ẹ̀yìn Iléṣà, nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fún un ní ẹ̀rọ yìí, ojú rẹ̀ là. Ó ní òun kò ní jókòó sínú ilé bí àpò ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbogbo òwúrọ̀: kí òun má sùn sí ilẹ̀ àjèjì. Inú yàrá ilé rẹ̀ ní Iléṣà ni wọ́n sin Màmá àgbà sí, ibẹ̀ ló sì fẹ́ kí wọ́n sin òun náà sí. Mọ́mì á ṣe àmín, á kọjú sí ìkòkò ògì rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló yan ibi tí a ti ń gbẹ́lẹ̀. Ẹni tó fún un ní ẹ̀rọ ti kọ́ ọ pé iwájú ilé ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, pé ẹnu ọ̀nà ni owó ti máa ń já bọ́ lára ènìyàn. Bàbá àgbà kọ̀ jálẹ̀.

"A kì í ta ọkọ́ sí ilẹ̀ ilé onílé," ló sọ fún mi. "Àwọn bàbá wọn ló ń sùn níbẹ̀."

Lójú tirẹ̀, níbo tún ni ènìyàn máa sin bàbá rẹ̀ sí bí kò ṣe ilé? Bí a bá fẹ́ kọjá níbi ìpìlẹ̀ ilé wọ̀nyẹn, á ṣí fìlà. A ó wá bọ́ sí inú igbó kékeré tó wà lẹ́yìn wọn, níbi tí ewéko kan tó ń fà, olódòdó aró, ti bo gbogbo ilẹ̀. Owó kì í jìn níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ti máa ń rí àfọ́kù àwo, ife tí kò létí mọ́, ṣíbí tó ti dípẹtà. Inú Bàbá àgbà dùn sí àfọ́kù wọ̀nyẹn ju owó lọ. Ó ní ìsọ̀ olóúnjẹ ni ibẹ̀. Ó ní àwọn awawúrà á jẹun yó, wọ́n á dìde, owó á bọ́. Ó tilẹ̀ ṣàlàyé ìyá olóúnjẹ náà fún mi, pé ó sanra, pé ẹnu rẹ̀ mú, pé kì í bu ẹ̀wà kún àwo fún ọkọ obìnrin míì. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. A ń kó owó náà sínú agolo mílíìkì, ó sì ń dún woro woro bí a bá ń lọ sílé.

Sátidé kan, nígbà tí ewé ti ń pọ́n, ìyá arúgbó kan gba àárín igi jáde sí wa. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, ọmọ Amẹ́ríkà. Ó mú réèkì tí wọ́n fi ń gbá ewé dání, ó sì fi apá kejì gbá òdòdó mọ́ra. Bàbá àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀, etí rẹ̀ dí, kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ìyá náà wo ihò, ó wo ọkọ́, ó wo èmi. Kò pariwo. Ó kàn rọra fọwọ́ kan Bàbá àgbà léjìká, ó dúró kí ó bọ́ nǹkan etí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ pé, "Bàbá, orí ènìyàn lẹ kúnlẹ̀ lé yẹn."

Bàbá àgbà gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa, síbẹ̀ ó ní kí n tún un sọ ní Yorùbá. Mo sọ ọ́. Mo sì ń sọ ìyókù bí ìyá náà ti ń sọ ọ́: pé àwọn dúdú tí wọ́n fi ṣẹrú nínú ihò wúrà, àtàwọn ọmọ wọn, ló wà níbẹ̀, pé wọn kò lágbára òkúta gbígbẹ́, òkúta oko lásán ni wọ́n rì sí ìgbèrí wọn, pé àwo àti ife tí olóògbé lò kẹ́yìn ni wọ́n fọ́ sórí sàréè, pẹ̀lú owó. Ewéko náà, àwọn ló gbìn ín, kí ilẹ̀ àwọn ènìyàn wọn má baà gbẹ nígbà òtútù.

Bàbá àgbà wo àwọn òkúta tí a ti ń rékọjá láti ọjọ́ yìí wá. Ó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, apá tó ń ro ó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú erùpẹ̀ pupa, ìyá náà sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dìde.

Nígbà tí ó dìde, ó ní òun fẹ́ dá owó padà. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀ nínú agolo. Ìyá náà ní kí a da gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ òkúta kan. Bàbá àgbà ní rárá, ọwọ́ kan kọ́ ló kó wọn síbẹ̀. Ó ní kí ó dárúkọ àwọn olóògbé fún òun, kí òun lè bẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ìyá náà na ọwọ́ sí òkúta kan, ó ní ìyá ìyá ìyá òun nìyẹn. Àwọn tó kù ńkọ́? Ó mi orí. Ìyá òun ló mọ̀ wọ́n, ó sì ti kú.

Bàbá àgbà jókòó sílẹ̀, ó sunkún. N kò rí i rí kí àgbàlagbà ọkùnrin sunkún bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù bà mí.

Ó jí Mọ́mì nínú ọkọ̀. "Gbé mi lọ sílé."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Daddy."

"Clarkston kọ́ ni mo wí."

Mọ́mì pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ sítíárì, kò sì wo ẹ̀yìn. "Dialysis yín wà on Monday, Daddy. Ẹ jẹ́ kí ara yín le díẹ̀ sí i. A máa lọ. I promise."

Ìlérí yẹn ló dì mú títí òtútù fi dé. Ajá rẹ̀ àti agolo owó náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Òtútù yẹn náà ló sì mú un lọ. Itẹ́ òkú kan ní ẹ̀bá Atlanta la sin ín sí. Nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti kó abọ́ wọn lọ, Mọ́mì jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnnì, ó sọ ohun tó ti mọ̀ tipẹ́ fún mi. Àbúrò Bàbá àgbà ti ta ilé Iléṣà láti ọdún tí bàbá wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ẹni tó rà á wó o, ó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó fi ṣe ilé epo. Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí wọ́n da egungun Màmá àgbà sí.

"Níbo ni kí n gbé e lọ?" ni Mọ́mì ń bi mí, bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n.

Inú bí mi sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní báyìí tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Smyrna, lẹ́bàá Atlanta, tí mo ti bímọ, n kò bínú mọ́. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Ohun tó kù sí mi lára ni ẹ̀rù. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé ìgbà tí ènìyàn bá kú ló kú. N kò mọ̀ pé òkú tún ń bẹ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń rántí rẹ̀, àti pé ẹni náà lè sùn lọ tàbí kí ó gbàgbé.

Òkúta orúkọ rẹ̀ tẹ́jú mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ agékoríko lè máa gba orí rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí mo mú ọmọbìnrin mi lọ síbẹ̀, mo fi ọwọ́ gbá koríko kúrò lójú orúkọ náà, mo kà á fún un, mo sì jẹ́ kó mọ ẹni tó ni ín. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Kí a tó dé ìdí ọkọ̀, ó fà mí láṣọ.

"Mommy, who was that again?"

Mo dì í lọ́wọ́ mú, a padà lọ sí ìdí òkúta náà.