Ìkòkò Ọjọ́ Kẹta

Èso mẹ́ta ló wà nínú ife lójú fèrèsé. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Iracilda ju ẹ̀kẹta sí i kó tó lọ síbi iṣẹ́, torí bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ maniçoba, ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́, nílé ìyá rẹ̀ nìyẹn: èso kan fún ọjọ́ kan tí ewé ẹ̀gẹ́ bá lò lórí iná. Ó di ọjọ́ keje kí májèlé inú ewé náà tó tán. Àwọn kan ní ìlú Belém ń sọ pé ọjọ́ mẹ́rin tó. Wọn ò sọ òótọ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n ń kó o sí i.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ni Iracilda ń tà ní èbúté. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún un: Suelen, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti Maiara, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹni tó ń jáde láago márùn-ún ìdájí kò lè jókòó ti ìkòkò fún ọjọ́ méje. Nítorí náà, òun àti Zuíla, ìyá àgbà tó wà nílé kejì, jọ ń ṣọ́ ọbẹ̀ ara wọn. Zuíla ti gbé tirẹ̀ kaná ṣáájú. Ọwọ́ alákiri kan náà ni wọ́n ti ra ìkòkò méjèèjì, wọ́n sì jọra bí ìbejì.

Aago méjì ọ̀sán ni Iracilda wọlé, òjò ń ṣú bọ̀. Àpótí ìjókòó ló kọ́kọ́ rí, ẹnì kan ti fà á dé ìdí sítóòfù. Ọmọrí ìkòkò wà nílẹ̀, ṣíbí wà nílẹ̀. Maiara ń sùn lórí ẹní, ọbẹ̀ dúdú yí ẹnu rẹ̀ ká, gàrí lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Ó mi ọmọ náà. Ọmọ náà kùn, ó sì tún sùn lọ.

Suelen sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé tútù lọ́wọ́. Ó ní aṣọ lòun ń fọ̀. Iracilda fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n Màmá Zuíla ló béèrè. Suelen ní wọ́n ti lọ ra gáàsì, tiwọn ti tán.

Ká ní Iracilda ti ṣíbí bọ ìkòkò náà wò ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í wádìí. Ó gbé ọmọ kọ́ èjìká, ó bọ́ sínú òjò. Bó ti ń sáré, ó ń rántí ewúrẹ́ baba rẹ̀ tó mu omi ẹ̀gẹ́ létí odò. Ewúrẹ́ náà kò ké rárá, ńṣe ló kàn tẹ orúnkún balẹ̀, ó sì kú. Lẹ́ẹ̀mejì ló dúró kó lè gbọ́ bóyá Maiara ṣì ń mí.

Ní ilé ìtọ́jú, Iracilda sọ ohun tí ọmọ náà jẹ, ìbéèrè kan ṣoṣo sì ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Ọjọ́ mélòó ni ewé yẹn ti lò lórí iná?"

"Mẹ́ta."

Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pe dókítà, ó sì fa ọwọ́ Maiara kó lè wá iṣan. Ẹ̀ṣẹ́ ọmọ náà dì pinpin. Ìka kọ̀ọ̀kan ni nọ́ọ̀sì ń tú, títí tí egungun ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kékeré kan fi hàn.

Maiara lajú. "Ẹ má gba egungun mi."

Iracilda tẹjú mọ́ ọn. Kò tíì sí ẹran kankan nínú ìkòkò tirẹ̀.

"Níbo lo ti rí ẹran?"

"Nínú ìkòkò."

Ìgbà náà ni Zuíla wọlé, omi ń kán lára rẹ̀, Suelen tẹ̀ lé e. Ó ṣàlàyé pé gáàsì òun tán láàárọ̀, òun ò sì fẹ́ kí ọbẹ̀ òun kan, lòun ṣe gbé e sórí sítóòfù Iracilda, tí òun gbé ti Iracilda sábẹ́ tábìlì.

"Ìkòkò mi ló jẹ, ọmọ mi. Ọjọ́ keje rẹ̀ pé lónìí. Èmi náà ti jẹ níbẹ̀."

"Ẹ ò sọ fún Suelen, Màmá."

"Mi ò sọ fún un. Ẹ̀bi mi ni." Ó wo egungun náà. "Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí mo ń tọ́jú de àna mi ni olè yìí jẹ."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Iracilda ò rẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí wọ́n ṣì dúró di ìrọ̀lẹ́, ó sì ń ka èémí ọmọ náà títí wọ́n fi lọ.

Nígbà tí ọjọ́ ọdún Ìyá Wa ti Násárẹ́tì, tí wọ́n torí rẹ̀ se maniçoba, pé, èso méje ti wà nínú ife. Zuíla tọ́ ọbẹ̀ Iracilda wò, ó ní ó ti jinná, kí wọ́n bù ú. Iracilda mú àwo Maiara, ó wò ó pẹ́, ó sì gbé e kalẹ̀ lófìfo. Ti Zuíla ni àwọn àlejò jẹ lọ́jọ́ náà. Iracilda da omi sí tirẹ̀, ó gbé e padà kaná, ó fi okùn aṣọ de ọmọrí rẹ̀, ó sì lọ wá èso kẹjọ.